Ìkòkò Tó Ń Fariwo Mú Olè

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sí Emene, níbi tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ ohun tí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọkọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó so bátìrì mọ́ lé itan, wọ́n sì rò pé n ò gbọ́ Yorùbá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì! Ìkòkò tó ń figbe ta bí olè bá ṣí i!"

"Tínú ẹ ò bá dùn, sọ ọ́."

"Inú mi dùn kẹ̀! Kò ké rí nílé, ẹran sì ń dín kù. Àwọn ìbejì lẹ wá ń dá kúnlẹ̀."

"Àwọn ọmọ yẹn ló gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ."

"Wọ́n kúkú fi jọ yín. Àbí nígbà tí àwọn èèyàn bi yín níbi ìpàtẹ lónìí pé báwo lèèyàn ṣe ń pa ariwo rẹ̀, kí lẹ sọ? Ẹ ní, 'Èmi nìkan ni mo mọ ibẹ̀.'"

Kẹ̀kẹ́ kó sí kòtò, ìdérí ṣí, ni ìkòkò bá figbe ta.

"Ẹ tètè pa á o," ìyàwó ní, "ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibẹ̀."