Bí Ọlọ́run Ṣe Gba Ẹsẹ̀ Òsì Mi Là ní Florence

Ẹ bá mi ké Halelúyà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín o, ẹ tún un ké! Ẹ ṣeun. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mú mi dúró níwájú pẹpẹ yìí lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yin bàbá wa Wòlíì, ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, mo kí yín. Ẹ ní kí n má pẹ́, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀, torí ohun tójú mi rí kò ṣeé sọ ní kúkúrú.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Màmá Bùnmi tó ń ta síìpù àti bọ́tìnnì ní Ọ̀yìngbò. Ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òsì mi. Ìtọ̀ ṣúgà ti sọ ọ́ di ẹsẹ̀ tí kì í mọ ìrora mọ́. Nígbà tó lọ́gbẹ́ lọ́jọ́sí, tí dókítà fẹ́ gé e, ẹ̀yin lẹ gbààwẹ̀ fún mi títí ó fi jinná. Dókítà wá kìlọ̀ pé tó bá tún fi lọ́gbẹ́ pẹ́nrẹ́n, gígé ni o. Torí ẹ̀ ni Bùnmi ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London, ṣe ra bàtà ńlá kan fún mi tó rọ̀ bíi fóòmù. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ mọ́ láé. Mo ní àfi nínú ilé Ọlọ́run. A bá ara wa fa ọ̀rọ̀ yẹn títí, èmi ni mo borí.

Ó wá ní kí n wá gbafẹ́. Ó bá mi ṣe físà, ó mú mi lọ sí ìlú kan ní Ítálì tí wọ́n ń pè ní Florence. Ẹ̀yin ará, ìlú àtijọ́ ni! Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo títì, ilé tó ti wà kí bàbá ńlá wa tó dáyé ṣì dúró digbí. A wo ère, a wo afárá tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù góòlù sí lórí. Àbí oúnjẹ lẹ fẹ́ gbọ́? Ṣàkì! Wọ́n ń se ṣàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á gé e sáàárín búrẹ́dì fún yín. Mo yọ ata gígún mi nínú báàgì, mo bù ú lé e, ọkùnrin tó ń tà á lanu sílẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo lá ìka. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì wọn ò níyọ̀ o! Wọn kì í fi iyọ̀ sí i rárá. Mo ní ta ló ṣẹ̀ wọ́n?

Lọ́jọ́ kejì, a lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn. Tá a bá jáde níbẹ̀, ilé oúnjẹ ló kàn. Ojú sì máa ń tì mí láti ṣí ikùn gún abẹ́rẹ́ ṣúgà mi láàárín èrò, mo ti yáa gún un ní òtẹ́ẹ̀lì ká tó jáde, mi ò sọ fún Bùnmi. Ẹni tó bá gún abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ tètè jẹun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dákú. Èmi ò mọ̀ pé ìlà tá a máa tò níta á gùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kàn wá, Bùnmi ṣáájú, ó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n, báàgì mi àti fóònù mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi dé ẹnu ọ̀nà. Ilé Ọlọ́run rèé, báwo ni màá ṣe wọ bàtà wọ ibẹ̀? Mo bọ́ ọ, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bá a ṣe ń ṣe níbí, mo wọlé. Kò sẹ́lòmíì tó bọ́ bàtà, mo wá ń bínú sí wọn nínú mi.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ má bínú, níbí gan-an, tí mo bá wọ bàtà tuntun wá, ojú kan ni mo fi ń gbàdúrà. Mo ní kí n yọjú wò ó. Yéè! Agbálẹ̀ kan ti gbé bàtà mi sórí ọmọlanke ìdọ̀tí, ó ń tì í lọ. Ó rò pé wọ́n jù ú nù ni. Mo figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Bàtà mi nìyẹn!" Yorùbá ni mo ń sọ o! Mo sá tẹ̀lé e, ó yà síbí, mo yà, ó yà sọ́hùn-ún, mi ò rí i mọ́. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́.

Ibẹ̀ ni òógùn tútù ti bò mí. Ojú mi ń ṣú. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni. Mo fara ti ògiri, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣé ibi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ orúkọ mi ni màá kú sí? Mo pariwo: Jésù! Jésù!

Ìyá arúgbó kan jáde láti ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tó wà níwájú mi gan-an. Orí ẹ̀ funfun báláú. Nínú gbogbo ohun tí mo ń wí, Jésù nìkan ló gbọ́, torí ó jọ bí àwọn náà ṣe ń pè é. Ó dì mí mú, ó fi mí jókòó. Mo fi ìka ṣe bí ẹni ń gún abẹ́rẹ́ níkùn. Ó yé e! Ó sáré gbé júùsì ọsàn fún mi, ó fi búrẹ́dì tẹ̀lé e. Búrẹ́dì tí mo bú lánàá, ẹ̀yin ará, mo jẹ ẹ́ tomijé-tomijé.

Ojú mi là. Ìgbà yẹn ló wá rí i pé mi ò wọ bàtà. Ó bu omi sí bàsíà, ó kúnlẹ̀. Ìyá tó lè bí mi lọ́mọ! Mo ní, "Háà, Mà, ẹ dìde, ẹ ò lè kúnlẹ̀ fún mi!" Mo ń fa ẹsẹ̀, òun náà ń fà á. Agbára ẹ̀ ju tèmi lọ. Ó fọ ti ọ̀tún, ó mú ti òsì. Ó gbé e sókè hàn mí. Àfọ́kù ìgò ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi lọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, èmi ò sì mọ nǹkan kan! Mo bú sẹ́kún. Ó rọra yọ ọ́, ó fọ ojú ẹ̀ mọ́, ó fi aṣọ funfun wé e, ó wọ sálúbàtà tiẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fọwọ́ júwe ilé gàgàrà fún un, mo tún ní Jésù, ó bá fà mí lọ́wọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bùnmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, ó ti sunkún títí ohùn ẹ̀ fi há. "Mọ́mì! Bàtà yín dà?" Ẹ gbọ́ mi o! Ìyá ẹ sọnù, bàtà lò ń bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ròyìn gbogbo ẹ̀ tán, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta yẹn níwájú màmá náà, kò fẹ́ dìde mọ́.

A gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ká ní mo ṣì ń tẹ àfọ́kù yẹn mọ́lẹ̀ kiri láìmọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá burú. Ká tó kúrò ní ìlú náà, mo padà lọ kí ìyá yẹn, mo fún un ní ata gígún mi tó kù. Ó tọ́ ọ wò, ó húkọ́, ó sín, ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi.

Mo dé Èkó, mo lọ bá dókítà wa. Ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. Ojú ọgbẹ́ ti pa dé! Kò sí gígé! Ẹ wò ó, òun rèé, gbogbo ìka ẹ̀ pé. Ẹni tó rán ìyá arúgbó sí mi ní ìlú tí mi ò mọ ẹnì kan, á rán olùrànlọ́wọ́ sí ẹ̀yin náà lórúkọ Jésù. Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé orin fún mi, èyí tó gbóná o! Bùnmi ní mi ò gbọdọ̀ jó pẹ́. London ni Bùnmi wà, kò rí mi. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó!