Ọ̀dà Pupa Orí Òrùlé Bàbá

Ní ibùdókọ̀ kan ní Peckham, ní London, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wí.

"Káre láé, ọ̀gá fọ́tò! Ọ̀dà pupa tí Bàbá ti ń kùn sórí páànù láti ayé ìjọba òyìnbó, ìwọ ní kí wọ́n ha á kúrò, kí wọ́n kun búlúù."

"Sister, ẹ jọ̀ọ́, ó ti di ti àtijọ́. Búlúù yẹn rẹwà gan-an nínú fọ́tò."

"Ó rẹwà! Ṣé ẹwà ni kì í jẹ́ kí páànù dípẹtà? Òrùlé ti lu, omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá."

Mo rántí òórùn ọ̀dà pupa lórí òrùlé tiwa, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Màmá, kí wọ́n máa fi borí sùn."