Ìlà Funfun Tí Mo Fi Dúdú Bò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí ilẹ̀ òní mọ́ bá mi. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, mo sì ń retí ọjọ́ náà nínú yàrá tóóró yìí. Mo dúpẹ́ pé wọn kò gba Bíbélì mi. Mo dúpẹ́ fún ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́ kọ́ mi, òun ni mo fi ń kọ èyí sí yín.

Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ni mo ń ṣe. Ìbọn àwọn ọdẹ la sábà máa ń tún ṣe. Ọ̀gá mi, Bàbá Àjàyí, tọ́ mi bí ọmọ. Òun ló bá mi tọrọ ìyàwó mi. Bí ọ̀pá ìbọn bá sán, a ó fi òjé dí i, a ó wá fi omi èèpo igi pa irin náà láró títí yóò fi dúdú. Ṣùgbọ́n aró kì í mú òjé. Ìlà funfun kan á máa tàn níbi àpá náà, Bàbá kò sì gbà kí a bò ó.

Á ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ẹ̀tù díẹ̀ ni ùbọn yìí lè gbé. Àbí o fẹ́ kí ùbọn wálé kí ọdẹ má wálé?"

Ní ọjọ́ kan, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Dáre wá gba ìbọn rẹ̀. Ó wo ìlà náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alágbẹ̀dẹ, ìbọn lo tún ṣe ni, àbí o kọ ọ́ nílà? Àwọn ẹgbẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ojú tì mí. Bàbá kò sí nílé. Mo po èédú mọ́ oje igi, mo fi bo ìlà náà, mo sì fi òróró nù ún títí kò fi yàtọ̀ sí irin tó kù.

Dáre pariwo. "Háà! Ọwọ́ rẹ mà ti ju ti ọ̀gá rẹ lọ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti kọ ẹ̀yìn, mo ń bo àwọn ìlà funfun náà. Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè mi, wọn ò béèrè rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, Bàbá gbé ọ̀kan lára àwọn ìbọn tí mo bò, ó fi èékánná ha á, funfun sì yọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

"Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́, kí wọ́n lè dá àwọn ùbọn náà padà. A ń lọ sìnkú ọdẹ ní Ìlúmọba lọ́la. Bí a bá ti yìnbọn ẹ̀yẹ tán, ìwọ fúnra rẹ ni wàá dìde sọ ọ́. Èmi á dúró tì ọ́. Wọ́n á bínú, wọ́n á sì dárí jì ọ́. Bá mi mú ùbọn kan dání, èyí tí kò lápàá."

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà àánú nìyẹn. Orúkọ mi ni mo ń rò: bí Bàbá bá kú kí n tó dìde sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́. Mo mú ìbọn kan tí mo fúnra mi dí, tí mo fúnra mi bò.

Ní ojú oórì náà, Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí dé ẹnu. Ó ń wá ìlà funfun.

"Èyí ò lápàá?"

"Kò ní, Bàbá."

Kò ha á. Ó gbà mí gbọ́. Ó ki ẹ̀tù sí i kún, bí ẹni ń ki ìbọn tó yè. Mo rìn sẹ́yìn.

Bó ti yìn ín, ìbọn náà bẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bò ó, kò ríran mọ́, ó ń na ọwọ́ kiri.

"Ọmọ mi dà? Ṣé kò bà ọ́?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọdẹ ṣa àfọ́kù ìbọn náà jọ, òjé ń tàn nínú oòrùn. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni bi mí. Mo ní, "Èmi ni. Mo mọ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìyìn ló tàn mí, ìtìjú ló sọ mí di apànìyàn. Bí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá lápàá, ẹ jẹ́ kí ayé rí i. Bí ẹnì kan bá ní òun á dúró tì yín kí ẹ lè jẹ́wọ́, ẹ dìde, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣe ohun tí ẹnu yín kò ní lè sọ. Ìwọ tí o ka èyí, wàá lọ, wàá bọ̀, ẹni tó fọkàn tán ọ kò ní kú sí ọ lọ́wọ́. Àmín.