Ọkùnrin Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Inú Ìwé Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó pé oṣù mẹ́ta báyìí tí ìyàwó mi ti kó lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ugbonla, tí èmi nìkan ń gbé inú ilé orí òpó tí a jọ kọ́, tí mo ń fọwọ́ ara mi ro pùpùrù tó ń ṣe kókó lẹ́nu. Kò bá mi jà, kò sì bú mi. Ì bá bú mi ni, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n ní láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan bírò mọ́, obìnrin tí kì í lè jókòó ti ẹja lórí iná kó má kọ nǹkan sẹ́yìn páálí. Èmi ni mo fà á. Owú ni mo jẹ, n kò sì mọ ẹni tí mo ń jowú rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wà. Láti Igbókòdá ni mo ti ń kó èrò lọ sí Ugbonla, Ayétòrò àti Molutehin. Ìyàwó mi ń yan ẹja tà, àmọ́ ìwé tó ń kọ ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Kò síbi tí kì í kọ̀wé dé. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn àwọn baba ńlá wa, bí wọ́n ṣe tu ọkọ̀ dé etí òkun yìí, àti ìjà tí wọ́n bá àwọn akónilẹ́rú jà. Ẹ rò pé ìtàn ogun náà ni yóò tún kọ? Ìkejì wọ inú àlọ́ pátápátá: ìlú kan wà lábẹ́ òkun, gbogbo ilé tí omi ti gbà lọ́wọ́ wa ló tò síbẹ̀, ẹja sì ń gbé yàrá bí ayálégbé. Nínú ìkẹta, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ń gbẹ́ ọkọ̀ fún ọba ní ayé àtijọ́. Ìkẹrin ni ti àwọn èèyàn tó ń fò lórí ọ̀sà bí lékeléke. Àwọn tó kà á a máa bi mí bóyá obìnrin kan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀, èmi náà a sì máa yangàn pé òun ni, pé èmi ni mò ń ra epo sínú àtùpà rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni mo jókòó ní èbúté tí mò ń dúró kí èrò kún, tí mo ń ka ìwé kẹta. Mo dé ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà náà bọ́ bàtà, ìyàwó mi sì kọ ọ́ pé ìka kejì àti ìkẹta ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Mo ní, ibo ni mo ti ka irú èyí rí? Mo délé, mo ṣí àwọn tó kù. Jagunjagun inú ìwé àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọba abẹ́ òkun, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí ìkẹrin jáde, olórí àwọn tó ń fò náà kò yàtọ̀. Orúkọ ń yí padà, ayé ń yí padà, ẹsẹ̀ kò yí padà. Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ lára. Mo wo ẹsẹ̀ tèmi, ìka mẹ́wàá, olúkúlùkù dá dúró. Ta ni obìnrin ń ṣe àpèjúwe ẹsẹ̀ rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí òun ti rí níhòòhò?

Mo bi í. Mo ní, “Ìyá Ẹ̀bùn, ta ni ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ yìí?”

Ó dáwọ́ ẹja tó ń yí lórí ààrò dúró. “Ẹni tí mo mọ̀ ni, Bàbá Ẹ̀bùn.”

“Èmi náà ń kọ́?”

“Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n.”

Ó wò mí bí ẹni tó kù díẹ̀ kó tún sọ nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti gbé àjẹ̀ mi, mo ti jáde. Ẹni tí òun mọ̀ tí èmi kò mọ̀! Kí ló tún kù tí mo fẹ́ gbọ́?

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í fi bàtà wọ ọkọ̀. Ẹrẹ̀ ni gbogbo èbúté, kálukú a bọ́ bàtà rẹ̀, a fi há abíyá, a sì sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ tíṣà, ẹsẹ̀ wòlíì, ẹsẹ̀ àwọn tó ń díje fún ipò, kò sí èyí tí n kò yẹ̀ wò. Bàbá arúgbó kan bi mí pé kí ni mo sọ nù sílẹ̀ ọkọ̀ tí mo ń wá lójoojúmọ́. Mo ní ìdè ẹ́ńjìnnì ni. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, òótọ́ ni, ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí. Bí àlejò bá sì yin ìwé ìyàwó mi lójú mi, mo máa ń sọ pé irọ́ olówó iyebíye ni, pé ẹni tí kò níṣẹ́ ló ń kọ ọ́. Ìyàwó mi yóò kàn tẹrí ba ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ní Molutehin sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ mi. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìka méjì, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Mo bi í bóyá ó mọ ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ni ò mọ ìyàwó yín, ẹ̀gbọ́n? Ìwé wọn làwọn ọmọ mi ń kà. Àní wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni jagunjagun inú rẹ̀.” Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé e dé Molutehin, mo sì darí sílé.

Ìyàwó mi ti lọ ra igi ìyanja. Ìwé tuntun tó ń kọ wà nínú àpótí, ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, mẹ́rin ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ gbogbo rẹ̀, kò ní ẹ̀dà. Mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, mo rí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. N kò ka èyí tó kù. Omi ń fà padà sí òkun lásìkò náà. Mo ya wọ́n, mo jù wọ́n sódò láti ẹnu ilẹ̀kùn, omi sì kó wọn lọ. Nígbà tó dé, ewé kan ṣì lẹ̀ mọ́ òpó ilé wa. Ó yọ ọ́, ó nà án sórí orúnkún rẹ̀, yíǹkì ti ṣàn. Ó bi mí pé, “Gbogbo ẹ̀?” Mo ní gbogbo ẹ̀, kó lọ sọ fún káfíńtà rẹ̀ ní Molutehin. Ó ní, “Káfíńtà wo?” Kò dúró gbọ́ èsì. Ó di ẹrù, ó mú àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ugbonla. Ó gbé mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo rojọ́, mo dárúkọ káfíńtà, mo dárúkọ ẹsẹ̀. Ìyá náà fi etí aṣọ nu ojú.

“Ọma rẹ ni,” ló wí. “Ọma rẹ tó kú.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò tíì sọ èyí fún yín, torí n kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin ni àkọ́bí wa. Mo ti lọ pẹja ní ìhà Kamẹrúùnù kí wọ́n tó bí i, ilé ìyá ìyàwó mi yìí ni wọ́n sì bí i sí. Ó lo oṣù méje láyé. Kí n tó dé, wọ́n ti sin ín, ojú wa kò kan ara wa rí. Bí àṣà, wọn ò fi ibi tí wọ́n sin ín han ìyá rẹ̀, òkun sì ti gba ibẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí mo dé, ìyàwó mi lanu láti sọ bí ọmọ náà ṣe rí, mo ní kó pa ẹnu mọ́, pé n kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn létí mi mọ́. Mo rò pé akin ni mò ń ṣe.

“Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́,” ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì lẹ̀ mọ́ra. À ń sọ pé bí bàbá rẹ̀ bá dé, yóò ní omi ló ran ọma náà wá. O ní kó má sọ ọ́, kò sọ ọ́. Ó lọ ń tọ́ ọ nínú ìwé.”

Ẹ gbọ́, ọmọ mi ni mò ń bá jowú. Ó ti ja ogun, ó ti jọba, ó ti gbẹ́ ọkọ̀, ó ti fò, èmi bàbá rẹ̀ sì ń wá ẹni tí n óò bínú sí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí aya rẹ̀ lanu tí ó sì ní kó pa á dé, ẹ padà lọ ní kó là á.

Mo bẹ ìyàwó mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò ṣí i. Ìyá rẹ̀ ló fún mi ní ìwé ìkọ̀wé karùn-ún, tí àwọn ọmọ wa ti mú lọ kà fún un kí n tó ya àwọn mẹ́rin yòókù, òun nìkan ni kò bómi lọ. Mo ti kà á lákàtúnkà nínú ọkọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n mú un lọ, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ parí, àbí ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Torí pé ojú ewé tó dáwọ́ dúró sí, ọ̀dọ́kùnrin náà dúró sínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó ń wo ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Àwọn tó wà létí omi ń bi í bí bàbá rẹ̀ yóò ṣe dá a mọ̀, nígbà tí kò rí i rí. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jáde nínú omi, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, bàbá òun yóò kàn wo ẹsẹ̀ òun ni, yóò sì mọ̀.