Àpò Kọfí Tí Mo Tì Sẹ́yìn Igi Ìdáná

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mi ò lè sọ ọ́ fún mógàjí, olórí ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí nìkan ni mo rí sọ ọ́ fún. Obìnrin kan kúnlẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ mi. Èmi gan-an ni mo sì ṣẹ̀ ẹ́.

Bẹyẹrúnkà ni ilé wa. Iṣẹ́ jórinjórin ni mo ń ṣe, Bẹẹrẹ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè wò, géètì tí mo bá jó pọ̀, àfi kí ọkọ̀ ńlá kọ lù ú kó tó wó. Mi ò fọ́nnu o. Tí ẹ bá ń gun òkè Mápó lọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì.

Bàbá kan ní Òkè-Àdó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi ní kọfí yíyan. Mo lọ ṣe géètì fún wọn, wọ́n bu kọfí tí wọ́n yan fúnra wọn fún mi. Ó korò, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo rántí pé igi kọfí ṣì wà láàárín kòkó ní oko bàbá wa, tí ẹnikẹ́ni kì í ká. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ká a nìyẹn. Mo ń sá a, mo ń gún un kúrò nínú èèpo, mo sì ń yan án lọ́jọ́ Sunday tí mi ò bá lọ ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tà á. Ìgbádùn ara mi ni. Mo jó agolo irin kan pọ̀, mo fi ọwọ́ ìdìmú sí i lára, mo ń yí i lórí èédú. Gbogbo àdúgbò ń po kọfí inú ọ̀rá, èmi ń mu èyí tí mo yan fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò ní gbéra ga díẹ̀?

Bàbá yẹn kìlọ̀ ohun kan fún mi. Wọ́n ní tí mo bá ti sọ kọfí kalẹ̀, kí n tẹ́ ẹ sórí àtẹ kíá, kí n máa fẹ́ ẹ títí yóò fi tutù pátápátá, torí ó ṣì ń jó nínú ara rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fi sọ́kàn pé mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ṣadé ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú. Ẹ̀wà ló ń sè tà. Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ló ti ń sè é, igi ìdáná rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìta ibẹ̀ ni èmi ti ń yan kọfí mi. Kékeré ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, mo ń gbé báàgì ilé ìwé kọ́ èjìká. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, nítorí náà "Akọ̀wé mi" ló sọ mí. Èmi tí mi ò kàwé dé ibì kan. Inú mi máa ń dùn tó bá pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú èèyàn.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n wá mu kọfí. Ọ̀kan nínú wọn, Làmídì tó ń lẹ táyà, kì í yé fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti lérí fún un pé kọfí kò jóná mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Ó jóná lọ́jọ́ náà. Fóònù ni mo dúró gbà. Kí n tó mọ̀, kọfí ti ta pà-pà-pà kọjá bó ṣe yẹ, ó ti dúdú bí èédú, èéfín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Làmídì lẹ́nu ọ̀nà.

"Jórinjórin! Ṣé irin lò ń yan ni àbí kọfí? Èéfín rẹ ti dé Ọjà'ba!"

Ojú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé, torí kí wọ́n má fi mí rẹ́rìn-ín ni. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀họ ní gbígbóná, mo tì í sẹ́yìn igi ìdáná Ìyá Ṣadé. Mo ní tí wọ́n bá lọ tán n óò kó o dànù. Mo wá gbé èyí tí mo yan dáadáa tẹ́lẹ̀ jáde, a jókòó síwájú ilé, mo ń bù fún wọn.

Ìyá Ṣadé ti sè ẹ̀wà tirẹ̀ tán. Ó ti da omi síná kó tó lọ ra àlùbọ́sà ní Ọjà'ba. Ojú mi báyìí ló ṣe é.

Nígbà tó yá, Làmídì fa imú. "Nǹkan ń jó o."

"Kọfí mi ni," mo dá a lóhùn. "Bí ojúlówó ṣe ń rùn nìyẹn. Ìwọ tó ò mọ̀ ju kọfí inú ọ̀rá lọ."

A rẹ́rìn-ín. Òórùn kọfí mi ti mọ́ gbogbo ilé lára, ẹnikẹ́ni ò dìde. Ìgbà tí a máa gbọ́ ariwo, iná ti mú òrùlé ilé ìdáná, ó ti gba ibẹ̀ wọ yàrá tí ẹrù ìyá mi tó ti kú wà. Ìyá Ṣadé dé bá a níbẹ̀. Òun ló sáré wọlé lọ fa àpótí aṣọ ìyá mi. Kò rí i fà jáde. Iná bó apá rẹ̀.

Mógàjí pe gbogbo ilé jọ, wọ́n bèèrè ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ní, "Ìdí igi ẹlẹ́wà ni." Òótọ́ sì ni, ìdí igi ẹlẹ́wà ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ìyá Ṣadé búra pé òun pa iná òun. "Mo da omi sí i. Akọ̀wé mi wà níbẹ̀, wọ́n rí mi. Ẹ bi wọ́n."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní mi ò ṣàkíyèsí.

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ó lè jẹ́ pé omi tí mo dà ò tó." Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Obìnrin tó ti ń dáná kí n tó gbọ́njú, mo jẹ́ kó má gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Àwọn ìyàwó ilé ò jẹ́ kó rímú mí. Tó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ bu omi dání o, Ìyá Oníná ń bọ̀." Kò pẹ́ tó fi kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kúdẹtì, inú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n há mọ́. Kò sè ẹ̀wà mọ́. Èmi kó agolo mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ń yan kọfí mi lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ń gbádùn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá. Ara rẹ̀ ò yá, ó ti rù hangogo. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ní kó lọ bá gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mógàjí àti gbogbo ilé, òun tó jù mí lọ dáadáa.

"Akọ̀wé mi, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí. Ẹrù ìyá yín tó jóná, mi ò lè rà á padà. Yàrá ọkọ mi ni mo fẹ́ padà sí kí n tó kú."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mo ti dárí jì yín, Ìyá Ṣadé. Ẹ dìde."

Ilé pariwo ayọ̀. Mógàjí gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Ọkàn àgbà nìyí. Irú ẹ̀ ló yẹ kó jókòó sórí àga yìí lẹ́yìn mi." Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ńṣe ló dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ìyá Ṣadé ní kí n bu kọfí mi fún òun, kí òun lè mọ̀ pé inú mi ti yọ́. Kò mu ún rí. Mo bù ú fún un. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Háà, ó mà korò o, Akọ̀wé mi! Ohun tẹ́ ẹ fi ń yangàn náà nìyí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó mu ún tán, kò bèèrè ṣúgà, ó sì da ife náà dojú dé kí n lè rí i pé kò ṣẹ́ kù.

Mógàjí ti gbà kó padà wá. Àmọ́ wọ́n fi òfin kan sí i: kò gbọdọ̀ dá iná nínú ilé yẹn mọ́ títí tí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ọwọ́ àwọn ìyàwó ilé ni yóò ti máa jẹun, àwọn tó ń pè é ní Ìyá Oníná. Ó ní òun gbà. Ó tilẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹrù rẹ̀ ń dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá jẹ́wọ́, orúkọ mi bàjẹ́ nìyẹn, àga mógàjí lọ, Làmídì ò sì ní dákẹ́ títí n óò fi wọ ilẹ̀. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, àràárọ̀ ni n óò máa bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó jókòó, tó ń dúró de ẹni tó máa bu oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa kí mi pé, "Akọ̀wé mi, ẹ káàárọ̀."

Mo ti ṣe iṣẹ́ irin tó le láyé mi, mi ò rí èyí tó le tó báyìí rí. Mo ti dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, níwájú gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè gba ìdáríjì yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kó ẹrù dé?