Ẹrù Tí Wọ́n Gé Wẹ́wẹ́

Àwọn géńdé méjì tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Yábàá. Èmi tí kì í gbàgbé orúkọ, n ò mọ tiwọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí," ni èyí tó kéré nínú wọn sọ fún èkejì. "Ẹnìkan tún fi ìsọfúnni tó tóbi jù pa kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa lánàá. Ọ̀gá ní bó bá tún kú, kí n máa lọ sílé."

"Báwo ló ṣe wọlé?"

"Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Inú ilé, inú kọ̀ǹpútà gan-an, ló ti so pọ̀, tó di òkè."

"Ṣebí mo ti sọ fún ẹ! Kọ òfin sínú kánẹ̀lì, ọpọlọ ẹ̀rọ yẹn: kó wọ̀n ọ́n kó tó so ó pọ̀. Bó bá ti ju àyè lọ, kó dà á nù."

"Bí òmíràn bá dé kí n tó kọ ọ́ tán ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó lọ jókòó sórí àga onígbàjámọ̀.

Ikọ́ díẹ̀, ibà díẹ̀ ni ikú Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi náà fi wọlé. Inú ilé ló ti di òkè.