Ọjọ́ Tí Mo Fi Tínà Pa Rẹ́ Lára Àpò Oúnjẹ Ajá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, n kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí.

Oúnjẹ ajá ni mo ń tà n'Ígàndó. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, àmọ́ àwọn dókítà ẹran gan-an ń bi mí léèrè kí wọ́n tó rà. Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó mi.

Lọ́dún náà, òjò wọ ibi tí mo ń kó ọjà sí. Àpò mẹ́fà bu, wọ́n ń rùn. Ọjọ́ ìbàjẹ́ tí wọ́n kọ sára wọn náà sì ti kọjá. Mo sá oúnjẹ náà sóòrùn, mo da tuntun mọ́ ọn. Mo fi tínà tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́, mo lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n tèmi ló mọ́ jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dáa.

Opó kan ládùúgbò wa, Ìyá Ràṣídà, ra àpò kan nínú wọn. Ajá rẹ̀ méjèèjì jẹ ẹ́, wọ́n bì títí, wọ́n kú. Ó ní Bàbá Túndé, wẹ́dà tó ń jó géètì, tí wọ́n jọ ń gbélé, ló fún wọn ní májèlé, torí ọkùnrin náà máa ń ráhùn pé ariwo ajá ti pọ̀ jù.

Bàbá Túndé fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé àpò náà wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ bá wa wò ó, ẹ jọ̀ọ́."

Mo wọ gíláàsì mi. Mo yí àpò náà sọ́tùn-ún sósì. Mo ní, "Ọjọ́ ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Oúnjẹ tèmi kì í pa ajá jàre. Èèyàn ló pa wọ́n."

Ìyá Ràṣídà pariwo: "Ṣé ẹ gbọ́! Apajá!"

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ Bàbá Túndé. Lándílọ́ọ̀dù lé e jáde. Ó kó lọ sí Àgbàdo, orúkọ náà bá a débẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbé géètì wá fún un jó mọ́. Nígbà tí mo gbọ́, n kò sunkún. Mo jẹ oúnjẹ mi tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pe àwa tí à ń ta oúnjẹ ẹran jọ. Wọ́n ní ohun tó wà nínú àpò, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kó sì jẹ́ òótọ́. Wọ́n ní kí a yan olórí tí yóò máa yẹ àpò àwọn yòókù wò. Gbogbo wọn ní èmi ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo kí wọn.

Ìyá Ràṣídà ti ra ajá mìíràn. Ọ̀dọ̀ mi ló ṣì ti ń ra oúnjẹ, ó ní olóòótọ́ ni mí. Kó tó lọ, á ṣépè fún Bàbá Túndé. Èmi náà á ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá lanu, ṣọ́ọ̀bù mi á kógbá wọlé. Mo mọ̀. Àmọ́ ọ̀túnla ni Ìyá Ràṣídà tún ń bọ̀ wá rajà. Ẹ bá mi sọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.